Gìgísẹ̀ Ń Dùn Mí: Èdè Yorùbá àti Ìtọ́jú Ìrora Àtẹ́lẹsẹ̀ láàárín Àwọn Tó Ń Sáré ní Ladjifarani

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣe àlàyé ìrora kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sáré, èyí tó máa ń mú gìgísẹ̀ àti àárín àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun méjì ni mo ń lépa. Èkíní ni pé kí ẹni tó bá ní ìrora yìí mọ ohun tó lè ṣe sí i. Èkejì ni pé kí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè rí i bí ìtọ́jú ṣe lè kẹ́sẹ járí tàbí kó forí ṣánpọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tí aláìsàn lò àti bí wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀.

Ladjifarani ní ìlú Parakou ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń sáré. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí oòrùn tó mú, àwa díẹ̀ máa ń pàdé, a ó sì jọ sáré gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa bọ́ sí títì. Yorùbá, Baatonu, Dẹ́ńdì àti Fọ̀n ló ń jáde lẹ́nu wa bí a ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń ro ẹnì kan tó sì dé ilé ìwòsàn, Faransé ni wọ́n máa fi kọ ìwé rẹ̀. Ìrora tí ènìyàn fi Yorùbá sọ gbọ́dọ̀ di Faransé kí ó tó di oògùn. Ìmọ̀ràn tí dókítà fi Faransé kọ gbọ́dọ̀ padà di Yorùbá kí ó tó di ìṣe. Ní àlọ àti àbọ̀ yìí ni nǹkan ti máa ń jábọ́.

Èrò tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kò ti là á yé dókítà tó, ọ̀rọ̀-ìṣe àti atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ wa máa ń là á yé e dáadáa. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù nígbà tó bá ń ṣe ògbufọ̀.

2. Ẹsẹ̀: ibo gan-an?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ:

(1) Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ní èdè Yorùbá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí títí dé ọmọ ìka. Faransé pín in sí méjì: «jambe» ni ti òkè, «pied» ni ti ìsàlẹ̀. Ògbufọ̀ tó gbọ́ (1) ní láti yan ọ̀kan, bí kò bá sì béèrè, àfọ̀njú ni yóò yàn án. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń sáré sọ (1) ní ilé ìwòsàn kan; «jambe» ni ẹni tó ń gbà á sọ kọ sílẹ̀. Ojúgun rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán. Ojúgun kò ní nǹkan kan, owó ti lọ, gìgísẹ̀ sì ń dùn ún síbẹ̀.

Yorùbá kò ṣaláì ní orúkọ fún àwọn ẹ̀yà ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn bá ti ọwọ́ dọ́gba:

(2) a. àtẹ́lẹwọ́ / àtẹ́lẹsẹ̀
b. ọrùn ọwọ́ / ọrùn ẹsẹ̀
d. ọmọ ìka ọwọ́ / ọmọ ìka ẹsẹ̀

Gìgísẹ̀ nìkan ni kò ní ẹnìkejì. Kò sí *gìgíwọ́. Èyí yéni, nítorí kò sí ibi kan lára ọwọ́ tó ń ru gbogbo ara bí gìgísẹ̀ ṣe ń rù ú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa ni ibi tó tẹ̀ sókè láàárín gìgísẹ̀ àti ìdí ọmọ ìka, tí kì í kan ilẹ̀. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún un. Tiwa, àlàyé ni a máa ń ṣe. Bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ bọ omi tí ẹ sì tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, ibi tí omi kò dé lójú ẹsẹ̀ yín ni mo ń wí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ibi àìkanlẹ̀ ni mo máa pè é.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí: ẹ má sọ ẹsẹ̀ bí ẹ bá lè sọ gìgísẹ̀. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tẹ ibi tó dùn jù. Lójú oníṣègùn, ìka kan yẹn níye lórí ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ.

3. Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀

Lábẹ́ awọ àtẹ́lẹsẹ̀, ohun kan wà tó nípọn, tó le, tó sì funfun. Ó so mọ́ abẹ́ eegun gìgísẹ̀ ní apá inú, ó na gba ibi àìkanlẹ̀ kọjá, ó sì pín sí márùn-ún kí ó tó so mọ́ ìdí ọmọ ìka. Bí mo bá pè é ní iṣan, ọ̀rọ̀ yóò tún dojú rú, nítorí iṣan lórúkọ tí Yorùbá ń pe ẹran tó ń fà, okùn tó so ẹran mọ́ eegun, ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn ohun tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ pẹ̀lú. Nítorí náà ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo yàn láti pè é. Iṣẹ́ tí ọ̀já ń ṣe lẹ́yìn ìyá ọlọ́mọ ni òun náà ń ṣe: ó di ẹrù mú kó má baà yọ̀.

Ní ọdún 1954, J. H. Hicks ṣàlàyé bí ọ̀já yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè rí i lára ara yín. Ẹ dúró, kí ẹnì kan fi ọwọ́ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín sókè. Ẹ óò rí i pé ibi àìkanlẹ̀ yóò ga sí i fúnra rẹ̀, nítorí pé gbígbé ọmọ ìka sókè ń fa ọ̀já náà le. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi iwájú ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ láti lọ síwájú. Nígbà tí a bá sì ń sáré, ẹrù tó ń bà lé ẹsẹ̀ kan máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara wa.

Bí a bá fi kún ìsáré lójijì, tí a gun òkè púpọ̀, tí a wọ bàtà tó ti kú, tàbí tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá gan, ọ̀já náà yóò gba ìyà ju èyí tó lè tún ara rẹ̀ ṣe lọ. Ibi tó ti so mọ́ eegun gìgísẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dùn. Kì í ṣe asáré nìkan ló ń mú. Àwọn oníṣègùn máa ń sọ pé nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 10 ló máa ní in nígbà kan láyé rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́.

4. Dùn, ro, ta, gún, jó

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé nínú gbólóhùn ìrora Yorùbá, ẹ̀yà ara ni olùwà, ẹni tí ara ń ro sì ni àbọ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹ̀yà ara kan lè ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀:

(3) a. Orí ń fọ́ mi.
b. Inú ń run mí.
d. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Gìgísẹ̀ kò ní tirẹ̀, nítorí náà ó lè gba oríṣiríṣi. Ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa wà:

(4) a. Gìgísẹ̀ ń gún mi.
b. Gìgísẹ̀ ń ro mí.
d. Gìgísẹ̀ ń ta mí.
e. Gìgísẹ̀ ń jó mi.
ẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń fà mí.
f. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi kú.

Gún ni ti ohun ẹnu ṣóńṣó, ó sì jẹ́ ti ojú kan. Ro ń bẹ ní ìsàlẹ̀, kò ní ojú kan pàtó. Ta jẹ́ ti awọ àti ojú ọgbẹ́, bí ìgbà tí ata bá kàn án. Jó dà bí iná. Fà ni ti ohun tó gan tí a ń nà. Kú ni pé a kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ẹni tí ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu sábà máa ń lo gún fún ti òwúrọ̀, á sì lo ro fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó sáré. Ta máa ń tọ́ka sí ohun mìíràn. Ní àkókò ọyẹ́ ní Parakou, gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń là. Bí o bá sọ pé gìgísẹ̀ ń dùn ọ́ nígbà náà, òrí ni wọ́n á ní kí o fi pa á. Òrí dára fún awọ tó là, ṣùgbọ́n kò lè wọlé dé ọ̀já. Bí aláìsàn bá sọ jó àti kú pọ̀, ó yẹ kí a ronú nípa ohun tó ń gbé ìmọ̀lára, tó lè há sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀-ìṣe di dókítà. Ìbéèrè tó kàn ló ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá fi «ça fait mal» túmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìtọ́ka náà ti sọnù.

5. Máa ń: ìgbà wo?

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìrora yìí ni àkókò rẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun ló máa ń dùn jù. Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀, á fúyẹ́. Bó bá jókòó pẹ́ tó tún dìde, á tún gún un. Ẹ wo gbólóhùn méjì wọ̀nyí:

(5) a. Gìgísẹ̀ ń dùn mí.
b. Gìgísẹ̀ máa ń dùn mí tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n tí mo bá rìn díẹ̀, á lọ.

Nínú (5a), ń lè jẹ́ ti atẹ́rẹrẹ: ó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Nínú (5b), máa ń jẹ́ ti bárakú, awẹ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì sọ ohun tó ń fà á àti ohun tó ń lé e lọ. Oníṣègùn tó bá gbọ́ (5b) ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí ìlànà tí àwọn oníṣègùn ń tẹ̀ lé láti dá àìsàn yìí mọ̀ gan-an ni gbólóhùn náà.

Ní Faransé, «j'ai mal au talon» lè dúró fún méjèèjì. Faransé ní ọ̀nà tó lè gbà sọ bárakú, ṣùgbọ́n ó ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, kò sì pọn dandan. Ohun tí kò bá pọn dandan, ẹni tó ń kánjú á fò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá àwọn òbí wọn lọ sí ilé ìwòsàn pé bí wọ́n bá gbọ́ máa ń, kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n sọ «chaque matin, au premier pas».

Àwọn Mùsùlùmí inú wa tún ní àkókò mìíràn tí wọ́n máa ń dárúkọ: ìjókòó inú ìrun, nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró tí ọmọ ìka rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú. Bí ọmọ ìka ṣe tẹ̀ yẹn ló ń fa ọ̀já le, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé ní ìpín kẹta.

6. Ẹ̀gún àti wíwú: orúkọ tó ń ṣini lọ́nà

Orúkọ tí aráàlú mọ̀ jù ní Faransé ni «épine calcanéenne», ìyẹn ẹ̀gún eegun gìgísẹ̀. Ìyá kan tó ń ta àkàrà ní àdúgbò wa ti ń tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ pamọ́ nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀.

«Ìyá, ta ló sọ fún yín pé wọ́n gbọ́dọ̀ là á?»

«Ọmọ mi, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí. Ẹ̀gún ni. Ẹ̀gún tó bá wọ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ṣebí yíyọ là á yọ ọ́?»

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Nínú ìmọ̀ wa, ẹ̀gún ti ìta wá, ó ń gún ni, yíyọ sì ni ìwòsàn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìrora rẹ̀ sì ń gún un lóòótọ́, orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe bá ara wọn mu, kò sí ìdí tí kò fi ní gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán kì í ṣe ẹ̀gún. Eegun gìgísẹ̀ ló hù díẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò dùn wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ ni ẹsẹ̀ ń dùn tí wọn kò ní in.

Orúkọ àwọn oníṣègùn, «fasciite plantaire», náà ní àléébù tirẹ̀. Àfòmọ́ ìparí «-ite», tó ti inú èdè Gíríìkì wá, ń sọ pé nǹkan wú, ó sì gbóná. Ní 2003, Lemont àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àtúnyẹ̀wò ohun tí a yọ lára ènìyàn 50 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ gìgísẹ̀ fún. Ohun tí wọ́n rí ni ọ̀já tó ti gbó, tó ti ṣá; wọn kò rí àmì wíwú. Bí a bá túmọ̀ orúkọ náà sí ‘wíwú ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀’, a ó máa wá oògùn tó ń mú kí nǹkan fà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó gbó ni a ní láti mú lágbára padà.

Àbá mi ni pé kí orúkọ Yorùbá tí a bá máa lò dárúkọ ibi àti ìgbà, kó má dárúkọ okùnfà: ìrora gìgísẹ̀ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹnikẹ́ni lọ wá ọ̀bẹ.

7. Ìtọ́jú, àti bí a ṣe lè sọ ọ́

Ìmọ̀ràn pọ̀ nílẹ̀. Àwọn tí mo rí pé wọ́n ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí èmi náà sì lò, ni mo kó sí ìsàlẹ̀ yìí.

Dín ìsáré kù. «Repos» máa ń di sinmi, sinmi sì máa ń di kí ènìyàn jókòó pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jíjókòó pátápátá kò mú ọ̀já lágbára. Ohun tó yẹ ni kí a dín iye kìlómítà kù, kí a fi òkè gígùn àti eré àsápajúdé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ kejì sì jẹ́ adájọ́. Bó bá dùn ju ti àná lọ, a ti sáré jù. Bó bá wà bákan náà tàbí tó fúyẹ́, a lè máa bá a lọ.

Fa ọ̀já kí o tó dìde. «Étirez le pied» máa ń di na ẹsẹ̀. Ẹ mọ ohun tí Yorùbá ń ṣe bí o bá ní kó na ẹsẹ̀: á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á sì fara balẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìyẹn. Báyìí ni kí a ṣe sọ ọ́: jókòó sórí ibùsùn, gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lé orúnkún kejì, fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sókè sí apá ojúgun títí ọ̀já yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, ka 10, kí o tó fi í sílẹ̀. Ṣe é ní ìgbà 10, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ láàárọ̀. Ìlànà tí DiGiovanni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003 nìyí.

Mú un lágbára. Rathleff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark dán ìlànà mìíràn wò lára ènìyàn 48, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Ká aṣọ ìnura, fi sí etí àtẹ̀gùn, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ wà lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ sì wà lófuurufú. Gbé ara sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, dúró fún 2, sọ̀ kalẹ̀ fún 3. Ṣe é ní ìgbà 12, sinmi díẹ̀, títí yóò fi di ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fi ìwé sínú àpò, gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí o sì ṣe ìgbà 10 ní ọ̀nà mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà 8 ní ọ̀nà márùn-ún pẹ̀lú ẹrù tó wúwo sí i. Ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ ìsinmi gbọ́dọ̀ wà láàárín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó ṣe é sàn ju àwọn tó kàn ń fa ọ̀já lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò hàn mọ́ nígbà tó pé ọdún kan.

Tọ́jú ẹsẹ̀ nílé. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì àti sálúbàtà pẹlẹbẹ tó ti jẹ tán kì í bá ìrora yìí rẹ́. Bàtà tó nípọn díẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ máa ń mú un fúyẹ́. Ike omi tó ti dì, tí a fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí síwá-sẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, máa ń pẹ̀tù sí i, ṣùgbọ́n kì í wò ó sàn.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí gìgísẹ̀ lè mú ìrora lọ fún ìgbà díẹ̀. Ó sì lè mú kí ọ̀já já tàbí kí ọ̀rá abẹ́ gìgísẹ̀ tán. Dókítà ló yẹ kó wọn méjèèjì wò.

Ohun tó ṣòro jù ni sùúrù. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń sàn láìsí iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ọdún kan.

8. Ìgbà tí kì í ṣe ọ̀já

Kí ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí má ṣe dúró ka ìwé. Kó lọ rí dókítà: bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Bí gìgísẹ̀ bá dùn nígbà tí a bá fi ọwọ́ méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tó ń dùn lóru láìtẹ̀ ẹ́, nítorí eegun lè ti sán. Bí ó bá gbọ́ tí nǹkan já pàá ní ibi àìkanlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì wà pẹ̀lú. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kú. Bí ó bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀dọ́ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń dùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń gan láàárọ̀, náà gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì pọ̀ fún dókítà kan ṣoṣo. Ọmọdé tó ń dàgbà tí gìgísẹ̀ ń dùn sábà máa ń ní ohun mìíràn, níbi tí eegun rẹ̀ ti ń hù.

9. Ìkádìí

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀-orúkọ bí ẹsẹ̀ àti iṣan gbòòrò ju ohun tí oníṣègùn nílò lọ, pé ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora àti máa ń sì ṣe pàtó ju ohun tí Faransé ń fi tipátipá béèrè lọ. Orúkọ tí a yá láti Faransé, bí ẹ̀gún, lè gbé ìtọ́jú tí kò yẹ wọlé.

Fún ẹni tó bá ń ṣe ògbufọ̀, ìbéèrè mẹ́ta péré ló tó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan tẹ ibẹ̀. Ṣé ó ń gún yín ni, àbí ó ń ro yín, ó ń ta yín, ó ń jó yín? Ìgbà wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló sì máa ń lé e lọ? Kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Mo fẹ́ kí ẹnì kan lọ gba àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora Baatonu àti Dẹ́ńdì sílẹ̀ ní Parakou níbí, kó wò ó bóyá wọ́n ya gún sọ́tọ̀ kúrò lára ro, àti bóyá wọ́n ní atọ́ka bárakú tó ń ṣiṣẹ́ bíi máa ń. Àwọn nọ́ọ̀sì yóò rí i lò ní ọjọ́ kejì.